Ọyẹ́, Àpólò àti 52 − 27: ọmọ mi lọ sílẹ̀ ní sáà kejì, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú eré ìje?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ọbáńtokò, níbí ní Abẹ́òkúta. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú ọyẹ́ mà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà ní pírámárì kẹta. Ipò karùn-ún ló mú ní sáà kìíní. Láti ìgbà tí wọ́n wọlé nínú oṣù kìíní ni nǹkan ti yí padà. Àpólò mú un lójú, ó fi ọjọ́ márùn-ún jókòó sílé. Ó ṣì ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, oorun ló sì máa ń sùn lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Tẹ́ẹ̀sì ìṣirò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, 4 nínú 10 ló gbà. Mo ti ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Bẹ́ẹ̀ eré ìje ni ilé-ìwé ń sọ látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn tó máa yan bíi sójà fún ilé Yẹ́lò. Ọjọ́ àṣà náà tún ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo rẹ̀, kí n fi í sí lẹ́sìnnì tí wọ́n ń ṣe títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní tiẹ̀ ní Yorùbá tí màmá ń sọ sí i nílé ló ń dí i lọ́wọ́. Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Kí ni kí n ṣe mà?"

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ọ̀rọ̀ tó gùn: ẹ jẹ́ kó yan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi í sí lẹ́sìnnì aago mẹ́fà. Ẹ má sì pa màmá lẹ́nu mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo wo ìwé tẹ́ẹ̀sì tí ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tó ń ṣe ọmọ yín wà níbẹ̀ gbangba, kò sì tó ohun tí ẹbí ń torí ẹ̀ pe ìpàdé.

Ẹ mú ìwé náà jáde kí a jọ wò ó. Ìṣirò mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, àyọkúrò ni gbogbo wọn. Mẹ́rin tó gbà ni 47 − 23, 58 − 35, 69 − 42 àti 86 − 54. Mẹ́fà tó pàdánù ni 52 − 27, 43 − 17, 61 − 38, 70 − 46, 34 − 19 àti 85 − 28. Tíṣà fi báírò pupa kọ X sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kọ 4/10 sókè, ó fi "Work harder" sí i lábẹ́, ó tán síbẹ̀. Mi ò bú tíṣà o. Ẹni tó ní ọmọ ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kíláàsì kan kì í ráyè jókòó ti ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀yin ráyè, torí ọmọ kan ṣoṣo lẹ ń wò.

Ẹ wo ìdáhùn tó kọ, ẹ gbójú kúrò lára X. Sí 52 − 27, ó kọ 35. Sí 43 − 17, ó kọ 34. Sí 61 − 38, ó kọ 37. Sí 70 − 46, ó kọ 36. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan máa ń kọ ohun tó bá ti sọ sí i lọ́kàn. Ẹ ó bá 19 níbí, ẹ ó bá 80 lọ́hùn-ún. Ọmọ yín ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin kan ló ń tẹ̀ lé, ó sì tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀ látòkè délẹ̀. Níbikíbi tí nọ́ńbà kékeré bá ti wà lókè tí ńlá sì wà nísàlẹ̀, ó yí wọn po, ó yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Wọ́n ní kó yọ 7 nínú 2; ó rí i pé kò ṣeé ṣe; ó yọ 2 nínú 7, ó kọ 5. Ó wá yọ 2 nínú 5, ó kọ 3. Bí 35 ṣe dé nìyẹn. Ẹ padà wo mẹ́rin tó gbà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti ju tòkè lọ. Ọmọ náà mọ àyọkúrò. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ohun tí àwọn tíṣà ń pè ní yíyá, ìyẹn "borrowing".

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Iye ọmọ tí mo ti rí tó ń ṣe àṣìṣe yìí gan-an kò níye. Orí wọn pé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ṣe alábàápàdé nǹkan kan ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ yíyá ni: wọ́n gbé wọn lọ sí òkú ìyá àgbà, wọ́n lé wọn nílé nítorí owó ilé-ìwé, tàbí kí ojú máa dùn wọ́n.

Ojú ló dé bá tiyín. Ẹ mú ìwé ìṣirò rẹ̀ tí wọ́n ń kọ nóòtì sí, ẹ wá déètì ọjọ́ márùn-ún tí Àpólò fi dè é mọ́lé. Ẹ yá ìwé ọmọ kan nínú kíláàsì wọn kí ẹ fi wéra. Bí mi ò bá ṣì í, àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ ó ti bá yíyá. Nígbà tó kúrò, àyọkúrò lásán ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tó padà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti ń yá a. Àwa tíṣà kì í padà sẹ́yìn nítorí ọmọ kan. Sáà kejì kúrú, eré ìje ń bọ̀, ìdánwò ń bọ̀.

(Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń pe àìsàn ojú ní Àpólò: ọdún 1969 ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá. Ọdún yẹn náà ni àìsàn ojú yìí jà kálẹ̀ ní Gánà, àwọn èèyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ òṣùpá sọ ọ́. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún ọmọ yín, á gbádùn ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká padà sórí yíyá. Ìwòsàn àìmọ yíyá wà lọ́jà Kútọ̀ báyìí, torí àsìkò àgbálùmọ̀ la wà. Ẹ ra bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kóró mẹ́rin sí márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan, nítorí náà ẹ ó rí ọgọ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún, kí wọ́n jẹ èépá rẹ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù bó ṣe wù wọ́n. Ẹ fọ kóró rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn kó má máa lẹ̀ mọ́wọ́. Ẹ wá ọ̀rá kéékèèké bí èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ka mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kó so ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀rá márùn-ún àti kóró méjì tí kò sí nínú ọ̀rá síwájú rẹ̀. Ẹ bi í pé mélòó ni gbogbo rẹ̀. Á ní méjìlélàádọ́ta. Ẹ ní kó kó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fún yín.

Ẹ dákẹ́ báyìí. Èyí ló máa ń ṣòro fún òbí. Á kó ọ̀rá méjì lé yín lọ́wọ́, ìyẹn ogún. Ó ku méje. Á nawọ́ sí àwọn tó wà nílẹ̀, á bá méjì péré. Ọwọ́ á dúró lójú ọ̀nà. Á wojú yín. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ ti bà á jẹ́, torí ohun tí ẹ bá sọ, tiyín ni, kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ máa wò ó. Ó lè tó ìṣẹ́jú méjì. Mo ti rí ọmọ tó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó lọ mu omi, tó padà wá. Bó pẹ́ bó yá, á mú ọ̀rá kan, á ní, "Ṣé kí n tú u ni?" Ẹ ní kó tú u. Kóró mẹ́wàá á dà sílẹ̀ pẹ̀lú méjì, ó di méjìlá, á ṣa méje níbẹ̀ kó fún yín, á ku márùn-ún àti ọ̀rá méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ohun tí tíṣà ń pè ní yíyá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ò yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rá ara ẹ̀ ló tú. Ìgbà tó bá ti tú ọ̀rá bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ gbé bébà síwájú ẹ̀, kó máa kọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe: ó gé 5 kúrò, ó kọ 4 sórí rẹ̀, ó sọ 2 di 12. Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ ṣe é, kí báírò tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń fi báírò bẹ̀rẹ̀ ló ń ké "lọ yá, lọ yá" létí ọmọ tí ọmọ ò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ó wá ku ti màmá, ibẹ̀ ni mo ti ní ọ̀rọ̀ jù.

Ẹ pe màmá, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ nọ́ńbà yẹn, 27, ní Yorùbá. Wọ́n á ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ náà: mẹ́ta ló dín nínú ọgbọ̀n. Ẹni tó dárúkọ rẹ̀ ti ṣe àyọkúrò kó tó pa ẹnu dé. Kí ló dé tí a ò wá lo ohun tí èdè ti bá wa ṣe sílẹ̀? Ẹ yọ ọgbọ̀n kúrò nínú méjìlélàádọ́ta, ó ku méjìlélógún. A ti yọ mẹ́ta jù, ẹ dá mẹ́ta padà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sí yíyá, kò sí títú.

Ẹ gbìyànjú èyí tó kàn, 43 − 17. Mẹ́tàdínlógún: mẹ́ta dín nínú ogún. Ẹ yọ ogún nínú mẹ́tàlélógójì, ó ku mẹ́tàlélógún, ẹ dá mẹ́ta padà, ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. 61 − 38: méjìdínlógójì. Ẹ yọ ogójì, ó ku mọ́kànlélógún, ẹ dá méjì padà, ó di mẹ́tàlélógún. 34 − 19 ń kọ́? Ọ̀kan ló dín nínú ogún. Ẹ yọ ogún, ó ku mẹ́rìnlá, ẹ dá ọ̀kan padà, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n fi báírò pupa ya lulẹ̀ ló gba ọ̀nà yìí wọlé. Kò sì ṣàdéédéé rí bẹ́ẹ̀. Láti márùn-ún dé mẹ́sàn-án, "dín" ni Yorùbá ń lò. Láti ọ̀kan dé mẹ́rin, "lé" ni. Níbi tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ti tóbi, tó ń fa yíyá lẹ́sẹ̀, "dín" ló sábà máa ń wà nínú orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ "lé" ló wà níbẹ̀, bíi 50 − 23, ẹ yọ ogún ná, ó ku ọgbọ̀n, kí ẹ tó wá yọ mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé tíṣà lè fẹ́ rí yíyá lórí ìwé kó tó fún un ní máàkì. Kò burú. Kó fi ọ̀nà kóró kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ọ̀nà màmá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbà á. Ọmọ tó lè dé ibì kan láti ọ̀nà méjì kì í tètè ṣìnà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ bá ráyè, ẹ mú un dání lọ sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ẹ má ra nǹkan kan bí owó ò bá sí. Kó kàn dúró gbọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń nájà. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta: ẹgbẹ̀ta ni a yọ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀, 500. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin: ẹgbẹ̀rin ni a yọ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀, 700. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń ṣe àyọkúrò látàárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín o, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ìlú wa yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní 1859, kí àwọn Ẹ̀gbá lè ní ohun tí wọ́n á máa kà. J. F. Ọdúnjọ tó kọ ìwé tí ìran mélòó kan fi mọ Yorùbá kà, ọmọ Ìbarà ni, níbí náà. Abẹ́ Olúmọ kan náà la wá jókòó sí tí a ń sọ pé Yorùbá ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́! Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan. Odindi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní Yorùbá, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń kọ́ gbogbo nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ Yorùbá kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ti ìjọba kò dúró sójú kan. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pírámárì. Ní 2022 wọ́n ní kó jẹ́ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ ni kí ilé-ìwé ṣe. Ilé yín kì í ṣe ilé-ìwé, kò sì sí òfin tó ní kí màmá máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bá ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ara ọmọ, torí ìṣirò kì í wọ orí tí oorun ń kùn.

Ẹ mọ bí àsìkò ọyẹ́ ṣe máa ń rí ní Abẹ́òkúta. Òwúrọ̀ á tutù débi pé àwọn ọmọ á fi ọwọ́ ká àyà níbi asẹ́ńbílì. Tó bá di aago méjìlá, páànù kíláàsì á máa ró, kò sí ẹni tó ń gbọ́ tíṣà mọ́. Àpáta tó yí wa ká á gba oòrùn sára ní ọ̀sán, á sì máa tú u sílẹ̀ lálẹ́, ni yàrá kò ṣe ní tutù bọ̀rọ̀. Bí iná ò bá sí, ọmọ á máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí di aago mọ́kànlá, wọ́n á sì jí i ní márùn-ún ààbọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ nílò oorun wákàtí 9 sí 12 láàárín alẹ́ kan. Ẹ ṣírò ti tiyín, ẹ ó rí i pé gbèsè oorun ló ń jẹ. Oorun tó ń sùn lórí iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ṣe ọ̀lẹ, gbèsè yẹn ló ń san. Ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ kó tó sùn, ẹ tẹ́ ẹní fún un níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí ẹ̀, kí fóònù má sì sí nítòsí. Kó ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá? Kó ṣe é bó bá ti jẹun ọ̀sán tó sinmi díẹ̀, kó má di ìgbà tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù dé.

Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá nígbà láéláé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé eruku tí wọ́n fi ìka kọ orúkọ wọn sí lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ adágún omi ni nígbà kan. Bí wọ́n ṣe máa ń lanu! Ṣùgbọ́n eruku náà ló ń gbẹ imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Kó gbé ìgò omi dání lọ, kó sì gbé e wálé lófìfo. Fífi aṣọ tútù nu ilẹ̀ sàn ju gbígbá lọ nínú yàrá rẹ̀. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi sírọ́ọ̀pù ọjà dá a dúró. Bó bá ń mí fíìn-fíìn lóru, tàbí tí ihò àyà ń wọlé bó bá ń mí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Ojú: ẹ wò ó dáadáa. Bó bá ń dijú díẹ̀ kó tó lè ka ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta á, tàbí tí ojú náà ṣì pupa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà kò jìnnà sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí ojú ọmọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Kó ní táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kó máa fi ọṣẹ fọwọ́.

Ní ti eré ìje, mo ti ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe yìí rí, èmi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin nígbà náà tí kò mọ̀wé kà. Mo yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń yan, mo ní kó máa jókòó sí kíláàsì kàwé nígbà tí àwọn yòókù bá wà ní pápá. Lójú mi nígbà náà, mo ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí inú rírun fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú un láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sá eré náà gan-an, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ìwé mú, ojú rẹ̀ wà lára àwọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Mo wo ojú ewé tó ṣí: ojú ewé kan náà tí mo ṣí fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni. Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi eré fìyà jẹ ọmọ mọ́.

Ọmọ tó ti fi ọjọ́ márùn-ún jókòó sílé, tí wọ́n ti ń fi ojú pupa ṣe yẹ̀yẹ́, nílò ohun tí yóò máa wù ú láti jí lọ sí ilé-ìwé. Ilé Yẹ́lò ti fún un ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó yan.

Ohun tí ẹ lè bá ilé-ìwé jà lé lórí ni àkókò. Kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa kọ́ wọn ní yíyan ní aago méjìlá ọ̀sán inú oòrùn. Láàárọ̀, kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, ó ti tó. Kí wọ́n wọ́n omi sí pápá kí eruku má bo àwọn ọmọ. Àwẹ̀ Rámàdánì àti Lẹ́ńtì jọ bọ́ sí àárín oṣù kejì ní 2026, nítorí náà ọmọ tó ń gbààwẹ̀ wà nínú wọn, àwọn bẹ́ẹ̀ nílò ibòji. Ọmọ tó bá ní ìṣòro ẹ̀jẹ̀ SS (sickle cell) náà, kò gbọ́dọ̀ sáré débi pé á rẹ̀ ẹ́ tàbí kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, tàbí kí ẹ lọ rí gíwá pẹ̀lú òbí méjì mìíràn. Mo jẹ́ gíwá rí: òbí kan, a máa ń dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, òbí mẹ́ta, a máa ń jókòó.

Lẹ́sìnnì: bóyá ẹni tó ń ṣe é mọ̀wé tàbí kò mọ̀ kọ́ ni mo ń sọ. Aago mẹ́fà ti pẹ́ jù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti wà nínú kíláàsì láti aago mẹ́jọ. Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń tún kọ níbẹ̀ pẹ̀lú, X kan náà ló máa tún gbà. Bí ọkọ yín bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ sọ fún un pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú, kí tíṣà lẹ́sìnnì sì kọ́kọ́ wo ìwé tẹ́ẹ̀sì yẹn kó tó gba owó. Bí kò bá lè sọ fún yín ìdí tí 52 − 27 fi di 35, ẹ gbé owó yín padà.

Ti ọjọ́ àṣà, kí ẹ má da owó sílẹ̀ fún aṣọ tuntun. Ẹ yọ àdìrẹ àtijọ́ kan nínú àpótí màmá, ẹ gé e mọ́ ọn lára. Ogúnjọ́ ó lé ọ̀kan oṣù kejì ni ọjọ́ èdè abínibí tí UNESCO yà sọ́tọ̀ ní 1999, ní ìrántí àwọn tí wọ́n yìnbọn pa ní Dhaka ní 1952 nítorí èdè Bẹ̀ǹgálì. Bí tíṣà bá gbà, kí màmá wá sí kíláàsì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú àwọn ọ̀rá kóró àgbálùmọ̀ yẹn. Ó sàn fún wọn ju jíjókòó lórí àga lásán lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóró ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni, láàárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí bàbá rẹ̀ náà jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá tẹ́ẹ̀sì tó kàn padà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, máàkì yòówù kó gbà. Ohun tó bá kọ sí 70 − 46 ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wò.